Ìbéèrè Kẹfà Lórí Fọ́ọ̀mù Ìyá Láàbù

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ogójì ìṣẹ́jú, akọ̀wé kan ní yunifásítì lu òǹtẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù olójú-ìwé méjì, ó sì jù ú sínú agbọ̀n onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí òǹtẹ̀ náà. Mo ti fi wé ìwé tí ọ́fíìsì ọ̀hún ń kọ ohun tó bá wọlé sí: ọjọ́ bára mu, aago bára mu. Ohun tí obìnrin tó mú fọ́ọ̀mù náà wá ń béèrè kò ju ọdún kan lọ. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ni pé ẹni tó bá ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ parí láàárín ọdún méje. Ọdún méje tirẹ̀ máa pé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà. Bí kò bá rí àfikún gbà, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, á sì dà bí ẹni tí kò wá rí.

Nínú fáìlì kan náà, fọ́ọ̀mù mẹ́fà mìíràn wà lábẹ́ èyí, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹfà kà báyìí: "Ǹjẹ́ ohunkóhun wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, nínú ara, nínú ọkàn tàbí nínú iṣẹ́ rẹ, tó lè dí ìlọsíwájú rẹ lọ́wọ́?" Àpótí kékeré méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi àmì sí èyí tí wọ́n kọ "Rárá" sí.

Mo bi í bóyá òótọ́ ni.

"Òótọ́ kẹ̀?" ó ní. "Ta ló ń sọ òótọ́ níbẹ̀?"

Ìyá Láàbù ni gbogbo èèyàn ń pè é, látorí ọ̀jọ̀gbọ́n títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Kò bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun ló kàn pẹ́ jù wọ́n lọ. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí gílóòbù rẹ̀ ń ṣẹ́jú láti ọdún tó kọjá. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa, torí pé ooru inú yàrá náà kò gbọ́dọ̀ lọ sókè, kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀. Lórí pẹpẹ irin mẹ́rin, ìgò igba ó lé méjìlá ló tò síbẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ẹnu wọn, rọ́bà ni wọ́n fi dè é. Àgbàdo wà nínú ìgò, kòkòrò wà nínú àgbàdo: àwọn dúdú tíńtín, onímú gígùn, tí wọ́n máa ń jẹ àgbàdo inú àpò títí á fi di ìyẹ̀fun. Irú àgbàdo tí wọn kò lè rí jẹ ni Ìyá Láàbù ń wá. Bí èèyàn bá gbé etí lé ìgò, á gbọ́ ẹnu wọn. Ó dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ kòkòrò kò mọ ìsinmi. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ní láti fi asẹ́ sẹ́ àwọn àgbà kúrò nínú àgbàdo, kí wọ́n ka òkú, kí wọ́n ka alààyè, kí wọ́n kó wọn lọ sínú àgbàdo tuntun. Bó bá fi lè kọjá ọjọ́ márùn-ún, àwọn ọmọ á ti yọ, wọ́n á ti dàpọ̀ mọ́ àwọn tó bí wọn, kò sì sí ẹ̀dá tó lè mọ ọmọ yàtọ̀ sí bàbá mọ́. Ìṣirò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án á wọ gbó. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta mìíràn ń bu kòkòrò nínú ìgò rẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn. Nítorí náà, láti ọdún 2016 tó ti bẹ̀rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ rí. Ìgbà tó bímọ nìkan ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sílé, ohun tó sì bá nínú ìgò nígbà tó dé mú un bẹ̀rẹ̀ orí kẹta lákọ̀tun.

Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe. Èèyàn aláwàdà ni. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Kòkòrò ló fẹ́ ẹ. Àlè lásán lèmi." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń sọ ọ́. Ẹ̀rín ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé ti dé, ìyá náà kò pe orúkọ tó sọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Dókítà ló ń pè é. Ó pè é bẹ́ẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àìsàn wá bá a. Ìyá Láàbù ní, "Ẹ má bínú, kòkòrò ni mo kọ́ o." Ìyá àgbà kan na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ní, "Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà ló wà ní orúnkún mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo wá ẹni tó máa pè é ní ìkà, n kò rí. Òun ló fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé Ìyá Láàbù lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ọmọ mú un nínú láàbù. Kì í pariwo, kì í halẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 2022, Ìyá Láàbù kó orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ojú ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó sì tún fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ìdáhùn rẹ̀: "Mo ti rí i. O ṣeun." Ìyẹn lọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó kọ lórí orí kẹrin. Bí Ìyá Láàbù bá fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ débẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n á ní, "Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀." Tó bá tún di oṣù tó tẹ̀ lé e, "Ìyá Láàbù, n kò gbàgbé o. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀." Orí karùn-ún kò lè bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá ka ìkẹrin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di oṣù mọ́kànlá.

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù máa ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́, alábòójútó á fọwọ́ sí i, kó tó lọ sí ọ́fíìsì. Báyìí ni wọ́n ṣètò rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìdí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í gba fọ́ọ̀mù nínú ọ́fíìsì. Inú láàbù ló máa ń wá, á fara ti pẹpẹ, á yọ báírò lápò, á máa kà á sókè lójú gbogbo wọn.

"Ìkẹfà. Ìyá Láàbù, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, sà."

"Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Ọkọ wa ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ti fọwọ́ sí i.

Ẹnikẹ́ni tí ìyá kọ́ nílé mọ̀ pé bí àgbà bá béèrè àlàáfíà ẹni ní gbangba, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Ìkíni ni, kì í ṣe ìwádìí. Mo sọ fún Ìyá Láàbù pé ìwé yàtọ̀ sí ìkíni, pé ó lè fi àmì sí "Bẹ́ẹ̀ ni" kí ó tó gbé e fún un. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tíì rí nǹkan.

"Kí n fi àmì sí 'Bẹ́ẹ̀ ni,' kí n wá gbé e fún un pé, 'Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin ni'?"

Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni nǹkan yíwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni, ó ń ka òkú kòkòrò nínú abọ́ funfun. Ó kà á dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó dúró.

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn mẹ́tàdínláàádọ́ta," ó sọ fún mi. "Mo wá a, n kò rí i. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo tún dúró sí."

Ẹni tó wọlé bá a ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Aṣẹ̀ṣẹ̀dé. Ó ti ṣe tíṣà ní girama fún ọdún mẹ́fà kó tó wá kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, oṣù yẹn gan-an ló sì dé. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń wo òkú kòkòrò bí ẹni ń wo fíìmù. Ta ló kú nínú ẹ̀?"

Ìyá Láàbù fi ìka ti òkú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò sí?"

"Kò sí," ó ní, ó sì ti abọ́ náà sí i. "Bá mi kà á."

Láti ìgbà yẹn, oorun kọ̀ ọ́. Ní àràárọ̀, á jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà níta fún bí ogún ìṣẹ́jú kó tó lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ló ń wo òun. Ẹni tó ń gbálẹ̀ jẹ́rìí sí àtẹ̀gùn náà. Ó ní òun rò pé ó ń gbàdúrà ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ṣàì ṣètò ìrànlọ́wọ́ o. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí Ọ́fíìsì Ìtìlẹ́yìn àti Àlàáfíà Akẹ́kọ̀ọ́. Pátákó rẹ̀ tóbi ju ọ́fíìsì náà lọ. Àga tìmùtìmù mẹ́ta wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ omi tútù tí kò ní ife. Olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn. Nígbà tó sọ fún mi pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn òun lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, mo rò pé ó ń bù mọ́ ọn. Mo béèrè ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ó lé ọ̀ọ́dúnrún.

Ìyá Láàbù lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé ló tì í lọ. Àwọn méjèèjì, òun àti olùdámọ̀ràn, sọ bí ó ṣe lọ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yàtọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ jókòó. Báwo ni?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni. A dúpẹ́ gan-an."

Olùdámọ̀ràn gbé báírò sílẹ̀. "Àǹtí, bó bá jẹ́ pé dáadáa ni, kí lèmi àtẹ̀yin wá jókòó ṣe níbí?"

Ìyá Láàbù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tán, ó di ẹkún. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méje tí ẹnì kan ní yunifásítì máa gbọ́ nípa orí kẹrin, nípa mẹ́tàdínláàádọ́ta, nípa àtẹ̀gùn. Olùdámọ̀ràn ní ìdí pọ̀ tó láti béèrè ọdún kan. Ó wá ṣí fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo ọdún kìíní, ó wo ìkejì, títí dé ìkẹfà.

"Áà, Àǹtí. Kí lẹ ṣe fún ara yín báyìí?"

Lẹ́tà olùdámọ̀ràn nìkan kò ní tó, torí pé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí òfin ń béèrè ni ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni náà kò ju ẹnì kan lọ. Olùdámọ̀ràn sọ ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà fún un, ó tún un sọ: pé orí kẹrin ti wà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fún oṣù mọ́kànlá, àti pé ara akẹ́kọ̀ọ́ kò yá.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ìyá Láàbù fi ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Sà, wọ́n ní kẹ́ ẹ bá mi kọ lẹ́tà kan, kí wọ́n lè fún mi ní ọdún kan sí i."

"Lẹ́tà? Ìyẹn náà le? Kí ni kí n sọ nínú ẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tó ti há sórí wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa mi, sà."

"Ìyá Láàbù! Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ pọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Jókòó."

Ẹni tí kò ka orí kẹrin fún oṣù mọ́kànlá kọ lẹ́tà ní ìdajì wákàtí. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé náà, ó fi òǹtẹ̀ ẹ̀ka wọn lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Lọ fọkàn balẹ̀. Kò sí ohun rere tí n kò sọ." Ìyá Láàbù kò ṣí i, torí a kì í ṣí lẹ́tà tí wọ́n bá lẹ̀ pa. Ó fi í mọ́ fọ́ọ̀mù tí mo sọ níṣàájú, ó sì lọ sílé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ti parí.

"Èwo ló parí?" ọkọ rẹ̀ béèrè. "Ìwé ni àbí ìwọ?"

Ìgbìmọ̀ tó ń gbé ẹ̀bẹ̀ àfikún ọdún yẹ̀ wò jókòó ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún. Ìpinnu wọn kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà pé kò sí ìṣòro. Wọ́n ní àwọn rí lẹ́tà olùdámọ̀ràn, ṣùgbọ́n alábòójútó, tó mọ̀ ọ́n jù, jẹ́rìí sí òdìkejì rẹ̀. Wọ́n wá fa ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yọ: "Láti ọdún méje tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ṣàìsàn rí, kò ráhùn rí, kò sì pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Ọkàn rẹ̀ le bí àpáta. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú láàbù yìí, láàbù náà á wó." Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó le tó báyìí, ìgbìmọ̀ ní oṣù mẹ́ta ti tó.

Oṣù mẹ́ta á parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án. Olùyẹ̀wò tó ń ti ìta wá nìkan máa ń gba oṣù mẹ́rin láti ka iṣẹ́ tó bá ti parí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n na àkàbà tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ sí ẹni tó wà nínú kànga.

Mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti gbọ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kì í sì í ṣe àfiṣe.

"Mo yìn ín! N kò yin ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí! Kí ni wọ́n tún fẹ́?"

Mo bi í léèrè orí kẹrin.

"Ṣé ó ti gbé e fún mi ni?"

Mo fi ọjọ́ tó wà lórí ìdáhùn rẹ̀ hàn án. Ó dìde, ó kó fáìlì kan kúrò, ó kó ìwé ìdánwò kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó tún kó òmíràn. Ibẹ̀ ló wà. Píìnì tí wọ́n fi so ó ti dípẹtà, ó ti fi àmì pupa sójú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò ra àmì náà.

"Ọmọ náà kò sọ fún mi," ó ní. "Gbogbo ìgbà ni mò ń bi í. Ó ní kò sí."

N kò lè pe ìyẹn ní irọ́. Mo ti rí fọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó ka ojú ìwé mẹ́rin lọ́sẹ̀ yẹn. Ó sì ṣe tán láti kọ lẹ́tà mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò tún ní jókòó títí di oṣù kẹwàá, nígbà náà orúkọ Ìyá Láàbù á ti kúrò nínú ìwé.

Kí ló dé tí kò fi kúkú kó ẹrù rẹ̀? Mo bi í. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, ó dúró sílé lọ́jọ́ Ajé. Ó fọ aṣọ, ó di irun ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù: "Dókítà, ṣé dáadáa ni?" Ó ní, "A dúpẹ́, màámi." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún dúró. Lọ́jọ́rú, Aṣẹ̀ṣẹ̀dé pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń yọ o. Ìgò tèmi náà wà nínú ẹ̀. Mo ti sẹ́ ogójì, ọwọ́ mi ò ká a mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́bọ̀, ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì.

Ọjọ́ fọ́ọ̀mù ti ọdún yìí bọ́ sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà. Mo wà nínú láàbù. Ooru inú rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé, ó ti fara ti pẹpẹ, báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka nǹkan kan sókè. Fọ́ọ̀mù keje Ìyá Láàbù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́. Ó ti kọ ìdáhùn sí mẹ́sàn-án nínú ìbéèrè mẹ́wàá. Ó ń sẹ́ àgbàdo, ó yí ẹ̀yìn sí wa.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé jókòó sórí àpótí ìgò tó ti ṣófo, ó gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lé orúnkún, fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó máa kọ níbẹ̀. Ó kọ ìkíní, ó kọ ìkejì, ó ń lọ wéréwéré bí tíṣà tó ń máàkì. Ó wá dúró. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kẹfà yìí, kí lẹ̀yin máa ń kọ síbẹ̀?"